Fílítà Alùpùpù Tí A Ń Fọ̀: Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ Nínú Eruku Ọyẹ́

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí fílítà afẹ́fẹ́ ara alùpùpù, pàápàá irú èyí tí a lè fọ̀ kí a sì tún máa lò, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní fílítà sípọ́ọ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ni èyí kan ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa, kí ó ka iye ilé tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀ tí ó jẹ́ pé orí alùpùpù ni oúnjẹ wọn ń gbà wọlé. Òtítọ́ ni pé ní oṣù Kìíní ọdún 2013 ni ìjọba fi òfin de achaba nínú ìlú Kánò, ṣùgbọ́n àwa tí a ń fi ẹ̀rọ tiwa gbé ọjà, tí a ń fi gbé ọmọ, tí a ń fi lọ sí oko àti sí ìgbèríko, a pọ̀ púpọ̀.

Ohun tí ó mú mi gbé kálámù ni ọ̀rọ̀ arákùnrin kan tí ó ti alùpùpù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Ẹ̀rọ náà kò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín tí ó ní àwọ̀ aró ń tú láti inú sàlẹ́ńsà rẹ̀, bí ó bá sì bu ọ́ìlì sí i lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó yí ká ọ́ìlì náà ti dínkù. Nígbà tí a tú ẹ́ńjìnnì náà, ara sìlíńdà ti há yánnayànna bí ẹni pé ológbò fi èékánná ya á. Mo wo ẹ̀yìn kabúrétọ̀, mo rí i pé wọ́n ti yọ àpótí afẹ́fẹ́ tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé iṣẹ́ sọnù, wọ́n sì ti fi fílítà pupa kan tí ó ń dán, tí ó rí bí àrọ, rọ́pò rẹ̀. Mo bi í léèrè pé ìgbà wo ni ó ti fi ọ́ìlì sí i kẹ́yìn. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ kò rí bí ó ṣe pupa ni? Ọ́ìlì wà lára rẹ̀.” Mo mú aṣọ funfun, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ fílítà náà. Aṣọ náà kò pupa rárá. Eruku ni ó kó. Aró lásán ni wọ́n fi rẹ aṣọ inú rẹ̀, kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti rà á ní ọjà. Owó tí ó fi pamọ́ fún ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ni a fi gbẹ́ sìlíńdà, tí a fi ra pístínì àti ríìngì tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí fílítà ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé pẹtiróòlù nìkan ni alùpùpù ń mu, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó ń mu jù. Bí a bá gbé wọn sórí ìwọ̀n, pẹtiróòlù tí ó wọn gíráàmù 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó wọn nǹkan bí gíráàmù 14 sí 15 kí ó tó lè jó dáadáa. Nítorí pé afẹ́fẹ́ fúyẹ́, lítà pẹtiróòlù kan ṣoṣo ń béèrè afẹ́fẹ́ tí yóò kún dúrọ́ọ̀mù ńlá tí ó ju 40 lọ. Ẹni tí ń jó lítà 3 lójúmọ́ ti fa dúrọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́ tí ó lé ní 120 kọjá láàrin ìkùukùu eruku, ojú ihò kan tí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ ni ó sì gbà wọlé. Ohunkóhun tí fílítà kò bá dá dúró yóò bá a lọ. Eruku yẹn yóò pò mọ́ ọ́ìlì tí ó wà lára sìlíńdà, yóò sì di irú iyanrìn tí àwọn ìyá wa fi ń ha ìdí ìkòkò dúdú. Ìkòkò ń funfun, ṣùgbọ́n irin ẹ́ńjìnnì ni ó ń jẹ.

Eruku tiwa níhìn-ín yàtọ̀ sí ti ilé. Àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ mọ eruku pupa ojú ọ̀nà, èyí tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tán, ó ti di ẹrẹ̀. Ọyẹ́ tí ń fẹ́ lù wá ní òkè Hausa láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, èyí tí àwọn onílé wa ń pè ní hunturu, ń gbé eruku tirẹ̀ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé wá, ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kọjá pẹ̀lú agbára. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá ni ibẹ̀ láyé àtijọ́. Adágún Chad tí a mọ̀ lónìí jẹ́ ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Nígbà tí omi náà gbẹ, ìkarahun àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú omi, tí ojú lásán kò lè rí, ni ó kù nílẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run fi ṣe ìkarahun wọ̀nyí jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú iyanrìn àti nínú dígí. Ìdí nìyí tí eruku ọyẹ́ fi dàbí lẹ́búlẹ́bú àgbo lójú, tí ó sì ń gé irin. Ó kéré ju ìbú irun orí lọ lọ́nà púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi lè gba inú aṣọ tí kò ní ọ́ìlì kọjá láìsí ìdíwọ́.

Irú fílítà mẹ́ta ni ẹ óò bá pàdé. Ti bébà kò ṣe é fọ̀. Bí omi bá kàn án, ó bàjẹ́. Ẹ gbọn eruku rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ó bá sì dúdú, ẹ ra òmíràn. Ti fóòmù ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù kékeré tí a ń gùn, tí ó rọ̀ bí fóòmù tìmùtìmù. Ẹ̀kẹta ni ti òwú, èyí tí wọ́n fi aṣọ òwú ẹlẹ́ẹ̀ẹ́rẹ́ ṣe ní ìpele-ìpele, tí wọ́n ká a ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, tí wọ́n sì fi wáyà tí ó rí bí asẹ́ mú un ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Èyí ni ó gba orúkọ sípọ́ọ̀tì. Ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀ jù lórí irú fílítà yìí ni K&N; ọkùnrin méjì, Ken Johnson àti Norm McDonald, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1957 gẹ́gẹ́ bí ilé ìtajà alùpùpù ní ìlú Riverside ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtòsí aṣálẹ̀ ni ìlú náà wà, nítorí náà eruku kò ṣàjèjì sí wọn.

Fóòmù àti òwú, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Ihò wọn kò kéré tó láti dá eruku dúró fúnra rẹ̀. Ọ́ìlì tí ó wà lára wọn ni ó ń mú un, bí oje igi tí àwọn ọdẹ fi ń mú ẹyẹ. Afẹ́fẹ́ lè yà sọ́tùn-ún, kí ó yà sósì láàrin òwú, ṣùgbọ́n eruku kò lè yà kíákíá bẹ́ẹ̀. Yóò forí sọ òwú, ọ́ìlì yóò sì dì í mú. Nítorí náà fílítà fóòmù tàbí ti òwú tí kò ní ọ́ìlì jẹ́ asẹ́ tí ihò rẹ̀ tóbi ju ohun tí a fẹ́ sẹ́ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ kà lónìí, ẹ má gbàgbé èyí.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò bi mí pé, ṣé lóòótọ́ ni fílítà sípọ́ọ̀tì ń fi eré kún ẹ̀rọ? Lórí alùpùpù ńlá tí wọ́n fi ń sá eré ìje, tí wọ́n sì ti tún kabúrétọ̀ rẹ̀ ṣe láti bá a mu, a lè rí àǹfààní díẹ̀. Lórí ẹ̀rọ 100 tàbí 125 tí a fi ń gbé àpò ìrẹsì, ariwo ni ẹ óò gbọ́ jù. Ewu kan tilẹ̀ wà níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé ju bí ilé iṣẹ́ ṣe wọ̀n ọ́n, tí ihò jẹ́ẹ̀tì inú kabúrétọ̀ sì wà bákan náà, pẹtiróòlù kò ní tó afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì wò: bí ẹnu rẹ̀ bá funfun bí efun, àmì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí a ń da ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀ lè gan pa lójú ọ̀nà nípasẹ̀ èyí. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi àpótí afẹ́fẹ́ yín sílẹ̀ sí ibi tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ fi í sí. Bí ẹ bá fẹ́ ti òwú, ẹ wá èyí tí ó ṣe déédéé inú àpótí náà. Àǹfààní rẹ̀ gidi ni pé a lè fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà fún ọdún púpọ̀, kí a má máa ra bébà lójoojúmọ́.

Ó kan bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá náà dá sí i, nítorí inú àgbàlá yín ni iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Àṣà tí ó gbilẹ̀ láàrin wa ni pé kí a da pẹtiróòlù sínú abọ́, kí a rẹ fóòmù sínú rẹ̀, kí a sì fún un. Àṣà burúkú ni. Ooru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ó máa ń rá pálá lórí ilẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i, títí yóò fi dé ìdí ààrò tàbí ìdí sítóòfù tí ẹnìkan ń dáná sí ní ẹ̀yìnkùlé. Iná náà yóò gba ọ̀nà tí ooru gbà lọ padà wá bá ẹni tí ó ki ọwọ́ bọ inú abọ́. Láfikún, pẹtiróòlù máa ń tú àtè tí wọ́n fi lẹ etí fóòmù, ó sì máa ń mú kí fóòmù gbó, kí ó máa já wẹ́wẹ́. Ẹ̀já rẹ̀ yóò wá di ohun tí kabúrétọ̀ ń gbé mì. Kẹrosíìnì sàn jù ú lọ, bí ó bá jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ìta gbangba tí kò sí iná ni kí a ti lò ó. A sì ti rí kẹrosíìnì tí wọ́n da pẹtiróòlù mọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà omi àti ọṣẹ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Fún ti fóòmù, ẹ kọ́kọ́ nu ìta àpótí náà kí ẹ tó ṣí i, kí eruku orí rẹ̀ má baà já sínú. Bí ẹ bá ti yọ fílítà, ẹ fi aṣọ mímọ́ dí ẹnu ọ̀nà tí ó lọ sí kabúrétọ̀. Mo ti bá ekòló inú ọ̀nà yẹn rí, kí ẹ má rò pé eré ni. Ẹ yọ fóòmù kúrò lára ike tí ó gbé e dúró. Ẹ po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ rì í bọ inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ láàrin àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni tí ń tẹ kànìnkànìn. Ẹ má lọ́ ọ bí ẹni tí ń fún aṣọ. Lílọ́ ni ó ń ya á. Omi àkọ́kọ́ yóò dúdú bí omi aró. Ẹ pààrọ̀ omi títí yóò fi mọ́, kí ẹ wá fi omi lásán ṣàn án dáadáa kí ọṣẹ má ṣẹ́kù. Ẹ gbé e sí ibòòji kí ó gbẹ pátápátá. Oòrùn ọ̀sán gangan kò bá a lára mu.

Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó kàn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún fílítà fóòmù ni ó dára jù nítorí ó máa ń lẹ̀. Bí kò bá sí, ọ́ìlì jíà tí ó ki, irú tí wọ́n kọ 80-90 sí lára, ni àwọn ìwé kan láti ilé iṣẹ́ alùpùpù ní kí a lò. Ẹ da díẹ̀ sí inú ọ̀rá náírọ́ọ̀nù, ẹ fi fóòmù sínú rẹ̀, kí ẹ máa pò ó láti ìta títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi ní àwọ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ kí èyí tí ó pọ̀ jù jáde. Ó yẹ kí ó tutù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó má kán sílẹ̀. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà gbà, ẹ̀rọ yóò sì máa tú èéfín dúdú.

Ti òwú gba sùúrù ju èyí lọ. Ẹ gbọn ọ́n díẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku tí ó wà lórí rẹ̀ kúrò. Ọṣẹ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ni kí ẹ fọ́n sí i níta àti nínú. Bí apá kò bá ká a, ọṣẹ abọ́ tí a fi omi púpọ̀ là ni èmi máa ń lò. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ mọ́ ọn lára. Nígbà tí ẹ bá ń ṣàn án, omi tútù tí kò ní agbára ni kí ẹ lò, láti inú síta. Ìdí ni pé ìta ni eruku gbà wá. Bí ẹ bá ti omi láti ìta, ẹ óò tì í wọ inú òwú lọ síhà ẹ́ńjìnnì. Kẹ́tù tí a lu ihò sí nídìí tàbí ṣágo omi ìwẹ̀ irun ti tó. Ẹ má gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ fọkanáísà kí ó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ ẹ gbẹ, nítorí agbára afẹ́fẹ́ yẹn yóò la òwú ní ihò tí ẹ kò ní rí. Ẹ má sá a sí ẹ̀gbẹ́ iná, ẹ má fi omi gbígbóná sí i, ẹ má jẹ́ kí jíìkì kàn án. Ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nínú ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ibi tí ẹ gbé e sí, kí eruku má baà bà sí i kí ẹ tó lò ó.

Òwú tí ó ṣì tutù kò ní gba ọ́ìlì, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní sùúrù títí yóò fi gbẹ dé inú. Ọ́ìlì tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ lò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í dúró lára òwú, yóò máa ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ ta á tẹ́ẹ́rẹ́ sí orí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ó fà wọlé, kí ẹ wá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ibikíbi tí ó bá funfun, ọ́ìlì kò dé ibẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ kún un. Àwọ̀ pupa tí ẹ ń rí lára ọ́ìlì ojúlówó, nítorí kí a lè fi ojú rí ibi tí ó dé ni wọ́n ṣe pa á láró. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń ṣe ayédèrú fi ń pa òwú fúnra rẹ̀ láró. Aṣọ funfun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ẹ óò fi mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ní ọjà, kí ẹ tó sanwó.

Omi ìdọ̀tí àti kẹrosíìnì tí a fi fọ fílítà kò gbọ́dọ̀ wọ kànga, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ẹ gbẹ́ ihò fún un ní ibi tí ó jìnnà.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa etí fílítà níbi tí ó ti kan àpótí. Fílítà tí ó mọ́ tí kò jókòó dáadáa kò sàn ju èyí tí kò sí lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ máa ń wá ibi tí ó rọrùn gbà, ẹ̀gbẹ́ ni yóò sì gbà. Ẹ wo róbà tí ó wà láàrin àpótí àti kabúrétọ̀, bóyá ó ti sán. Ẹ fún kílíìpù rẹ̀ le. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ yọ fílítà náà, ẹ fi aṣọ funfun nu inú róbà yẹn, ní ìhà kabúrétọ̀. Bí aṣọ náà bá mú eruku, ibì kan ń jò, ẹ má sì gùn ún lọ sí Daura tàbí Gwarzo kí ẹ tó mọ ibẹ̀.

Ìgbà mélòó ni kí a máa fọ̀ ọ́? Iye kìlómítà tí àwọn òyìnbó kọ sí ara páálí rẹ̀, ọ̀nà ọ̀dà tí kò ní eruku ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kò sì bá wa mu. Ní àkókò ọyẹ́, ẹni tí ń gbé ẹrù lójoojúmọ́ kí ó máa fọ fóòmù rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; ẹni tí ń lọ sí ọjà tí ń bọ̀ lè fi sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní àkókò òjò, oṣù kan kò pọ̀ jù, bí omi kò bá sáà ti kún àpótí náà. Fún ti òwú, ojú ni kí ẹ lò: níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń rí wáyà rẹ̀ ketekete láàrin eruku, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí eruku bá bo wáyà mọ́lẹ̀, àkókò ti tó. Ẹ má sì máa fọ̀ ọ́ ní fífọ̀ àfọ̀jù, nítorí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá tú u ni eruku ń rí àyè wọlé.

Èéfín náà yóò máa sọ̀rọ̀ fún yín. Èéfín dúdú pẹ̀lú pílọ́ọ̀gì tí ó dúdú bí ẹ̀dú, tí pẹtiróòlù sì ń tán kíá, ẹ kọ́kọ́ wo fílítà kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú kabúrétọ̀ yín. Ó lè jẹ́ pé ó ti dí ni. Èéfín aláwọ̀ aró ni ti arákùnrin wa yẹn, ìyẹn sì ti kọjá fífọ̀.

Fóòmù kò wọ́n. Ẹ ra méjì, kí ọ̀kan wà lẹ́nu iṣẹ́, kí èkejì sì wà ní fífọ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì nínú ọ̀rá tí a so lẹ́nu. Arákùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Ó wá àpótí afẹ́fẹ́ tòkunbọ̀ kan rà, ó sì mú fílítà pupa náà wá fún mi. Orí tábìlì ṣọ́ọ̀bù ni ó wà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi aṣọ funfun tirẹ̀ dán an wò lè yà bá mi.